Ẹni Tó Sùn àti Apirọrọ: Ẹjọ́ Ọkùnrin Tó Pànìyàn Lójú Oorun

Lóru mọ́jú ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1987, ọkùnrin ẹni ọdún 23 kan já wọ àgọ́ ọlọ́pàá kan lágbègbè Toronto, ní Kánádà. Ẹ̀jẹ̀ ló bò ó. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ òun pa èèyàn méjì, ìyá ìyàwó òun àti bàbá ìyàwó òun, àti pé ẹ̀bi òun ni gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mú un wá, kò sì sẹ́ni tó tíì bi í ní nǹkan kan. Ìyá ìyàwó ti kú lóòótọ́. Bàbá ìyàwó fara gbọgbẹ́ gidigidi, àmọ́ ẹ̀mí rẹ̀ ò bọ́.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, kóòtù tó ga jù lọ ní Kánádà fọwọ́ sí i pé ọkùnrin yìí kò jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó ní wèrè ni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ojú oorun ló wà.

Láti ìgbà náà ni àwọn lọ́yà, àwọn dókítà oorun àti àwọn tó ń kọ́ni nípa ìwà ọmọlúàbí ti ń fa ẹjọ́ yìí lọ fà á bọ̀. Àwọn kan ń fi í gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ pé èèyàn kò ní òmìnira kankan, ọpọlọ ló ń darí wa síbi tó wù ú. Àwọn mìíràn ń fi í hàn bí ọ̀daràn tó rí ihò sá gbà. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ò ka ẹjọ́ náà dé ìdí. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe yẹ ọ̀rọ̀ "mi ò mọ̀ọ́mọ̀" wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Bí nǹkan ṣe rí kí òru náà tó dé

Ọkùnrin náà ti gbéyàwó, ọmọ wọn sì ṣì wà lọ́wọ́. Ó ga, ó sì síngbọnlẹ̀, àmọ́ oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Àárín òun àti àwọn àna rẹ̀ dára débi pé kọ́kọ́rọ́ ilé wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú ló kó sínú tẹ́tẹ́ eré ìje ẹṣin. Bó ṣe ń pàdánù ló ń wá owó kún un, títí tó fi mú nǹkan bí 30,000 dọ́là nínú owó ibi iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì pè é lẹ́jọ́.

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ owó yìí. Ẹni tó bá ń kó owó ọ̀gá rẹ̀ ní láti mọ ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń wò, kí ó mọ ohun tí yóò kọ sínú ìwé, kí ó sì ti múra èsì sílẹ̀ bí wọ́n bá bi í. Tẹ́tẹ́ lè ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù, ìyẹn lè mú kí àánú rẹ̀ ṣe èèyàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Kò sẹ́ni tó sọ pé oorun ló kówó. Ọkùnrin kan náà ni, láàárín oṣù díẹ̀ síra: ó dáhùn fún èyí, wọn ò jẹ́ kó dáhùn fún ìyẹn. Ẹni tó bá ń sọ pé ìmọ̀ ọpọlọ ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bi di òfo ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn.

Gbèsè àti ìtìjú kò jẹ́ kó rí oorun sùn dáadáa. Ó ti ń wá ìrànlọ́wọ́ lórí tẹ́tẹ́, ó sì ti pinnu pé ní ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an lòun yóò lọ jẹ́wọ́ fún àwọn àna òun. Ní alẹ́ Sátidé, oorun gbé e lọ lórí àga ní pálọ̀. Ohun tó tún rántí lẹ́yìn náà ni ojú ìyá ìyàwó rẹ̀ tó ń wò ó bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́.

Ohun tó wà láàárín méjèèjì kò sí lọ́kàn rẹ̀, àwọn ẹlòmíì ló tò ó pọ̀. Ó dìde, ó wọ bàtà, ó wọ ẹ̀wù òtútù, ó wọ mọ́tò. Ó wà á ní nǹkan bí kìlómítà 23 láti Pickering dé Scarborough. Ó wọ ilé àwọn àna rẹ̀, ó lù wọ́n, ó sì fi ọ̀bẹ gún àwọn méjèèjì. Àwọn àbúrò ìyàwó rẹ̀ wà lókè. Ó gun àtẹ̀gùn lọ bá wọn, kò sì fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. Ó rántí pé òun ń pariwo pè wọ́n. Ìró tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú ni àwọn ọmọ náà gbọ́.

Ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀

Ibi àkọ́kọ́ tí ẹjọ́ náà ti yí padà ni àgọ́ ọlọ́pàá, kí lọ́yà kankan tó dá sí i. Ọ̀bẹ ti gé iṣan tó ń ká ìka ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fara mọ́ láìké. Síbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣe, kò ké ìrora. Ìgbà tó yá ló tó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹni tó bá ń díbọ́n kì í sábà mọ̀ pé ó yẹ kí òun díbọ́n àìmọ ìrora. Ohun tí ayé mọ̀ nípa ìrìn ojú oorun ni pé ẹni náà ń na ọwọ́ síwájú, ojú rẹ̀ sì dì. Irọ́ ni méjèèjì: ojú sábà máa ń là, ọwọ́ sì ń ṣe ohun tó bá ti mọ́ ọn lára. Pé ara kì í jẹ́ ìpè ìrora nínú oorun tó wọra, àwọn dókítà ló mọ̀ ọ́n. Bí ọlọ́pàá tó gbà á sílé bá kàn kọ ọ́ pé "ó jẹ́wọ́, ó fara pa lọ́wọ́", ẹ̀rí tó lágbára jù nínú ẹjọ́ náà ì bá ti lọ. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àtúnsọ inú rẹ̀, wọ́n sì kọ bó ṣe rí.

Ohun tí àwọn amòye yẹ̀ wò

Èrò àwọn dókítà kò kọ́kọ́ lọ sórí oorun. Wọ́n wá wèrè, wọn ò rí i. Wọ́n wá wárápá, kò sí. Ìbínú àtẹ̀yìnwá sí àwọn àna, owó ogún, ìjà ilé: kò sí ìkankan. Wọ́n bi í léraléra ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìtàn rẹ̀ kò gùn sí i, kò sì kúrú sí i. Apirọrọ kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi í ni yóò máa fi ẹ̀rí tuntun kún tàtijọ́.

Ìdílé rẹ̀ wá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rìn lójú oorun, òmíràn ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń tọ̀ sórí ibùsùn. Òun fúnra rẹ̀ kì í tètè jí láti kékeré. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń wo oorun, wọ́n lẹ wáyà mọ́ orí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ àti àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó sùn mọ́jú. Oorun tó wọra pọ̀ nínú tirẹ̀ ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì ń ta jí láti inú rẹ̀ lójijì. Èèyàn lè kọ́ bí a ti ń purọ́ fún lọ́yà. Ìgbì ọpọlọ tó ń lọ bọ̀ lórí ìwé nígbà tí èèyàn ń sùn kò ṣeé kọ́.

Roger Broughton, dókítà oorun ní Ottawa tó wà lára àwọn tó jẹ́rìí, ti kọ ọ́ láti ọdún 1968 nínú ìwé ìròyìn Science pé ìrìn ojú oorun kì í wá láti inú àlá. Ó ń wá nígbà tí ọpọlọ ń gbìyànjú láti jáde nínú oorun tó wọra, tí apá kan jí, tí apá kejì kò jí. Ní ọdún 2000, lẹ́yìn ẹjọ́ wa yìí, àwọn dókítà ní Bern, ní Switzerland, rí àwòrán ọpọlọ ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 16 kan bó ṣe ń rìn lójú oorun: ẹ̀jẹ̀ ń lọ síbi tó ń darí ara àti ìmọ̀lára, àmọ́ iwájú ọpọlọ, níbi tí a ti ń gbèrò tí a sì ti ń kó ara wa níjàánu, ṣì wà lójú oorun. Ohun tó ń gbé ara rìn ti jí. Ẹni tó yẹ kó sọ pé "dúró ná" kò tíì jí.

Amòye márùn-ún ló jẹ́rìí, ohùn wọn sì ṣọ̀kan. Agbẹjọ́rò ìjọba kò mú amòye kankan wá tó tako wọn.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa yàrá oorun. Ohun tó fi hàn ni pé ọkùnrin náà jẹ́ irú ẹni tó lè rìn lójú oorun. Kò lè fi hàn pé ó ń sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ lọ́yà ló ń kọsẹ̀ níbí: wọ́n á gbé ìwé dókítà síwájú adájọ́ bí ẹni pé ìwé náà wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ohun tó so ìwé náà mọ́ òru ọjọ́ náà ni ọgbẹ́ ọwọ́, àìsí ìdí, àìfi-nǹkan-pamọ́, àìsùn ọjọ́ mélòó kan tó ṣáájú, àti pé kò tíì ju wákàtí díẹ̀ lọ tí oorun gbé e lọ. Yọ méjì kúrò nínú wọn, ẹjọ́ náà á mì.

Kìlómítà 23

Ibí yìí ni gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ìtàn náà ti ń mirí, wọ́n sì jàre. Nínú ọ̀pọ̀ ìwà ipá ojú oorun, ẹni tó bá sún mọ́ ọn, tó gbá a mú, tàbí tó fẹ́ jí i, ni ọwọ́ máa ń bà. Ìyàwó tó sùn tì í ni, tàbí ọmọ tó wá pè é. Ẹni tó gbé mọ́tò lọ bá àwọn tó lù kò bá àpẹẹrẹ yẹn mu. Bí èmi bá ni agbẹjọ́rò ìjọba, ibẹ̀ ni n ó ti dúró láti àárọ̀ di alẹ́.

Èsì àwọn amòye ni pé ọ̀nà tó ti mọ́ èèyàn lára kò nílò ìrònú tuntun. Ó ti wa ọ̀nà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ilé àwọn àna ni ọkàn rẹ̀ sì wà nígbà tó ń sùn, nítorí ìjẹ́wọ́ ọjọ́ kejì. Ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mú un débẹ̀ fún ìrìnàjò yẹn, kí ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń wá lóru. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, àbá ni. Kò sì sí ìgbà tí ẹnikẹ́ni yóò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kóòtù kò ní kí olùjẹ́jọ́ ṣàlàyé gbogbo ẹsẹ̀ bàtà. Ìjọba ló ní láti fi hàn láìsí iyèméjì pé ìfẹ́ inú rẹ̀ wà nínú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, iyèméjì náà sì pọ̀ jù. Ní ọdún 1988, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dájọ́ ní kò jẹ̀bi ìpànìyàn. Adájọ́ Watt náà dá a sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn ìgbìyànjú láti pa bàbá ìyàwó.

Ìjà lórí orúkọ

Ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kò rọ́wọ́ mú ní Ontario, ìpínlẹ̀ tí Toronto wà, ó gbé e lọ sí kóòtù tó ga jù lọ ní Ottawa. Ìbéèrè tó kù kì í ṣe bóyá ó sùn. Ìbéèrè náà ni irú ohun tí oorun náà jẹ́. Bó bá jẹ́ àìsàn ọpọlọ, ẹni náà kò jẹ̀bi ṣùgbọ́n kò lọ sílé. Ní Kánádà nígbà náà, títí kóòtù fi yí i padà ní ọdún 1991, àtìmọ́lé tí kò ní gbèdéke ni ó máa ń jẹ́. Bó bá sì jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí orí rẹ̀ pé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi ń fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ìdájọ́ jáde ní 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1992. Adájọ́ La Forest yẹ ọ̀nà méjì wò: ṣé inú ẹni náà ni ohun tó fà á ti wá, àti ṣé ewu rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́la? Ó ní ìkankan nínú méjèèjì kò tó láti fi yanjú ọ̀rọ̀ oorun, wọ́n sì fi ìdáláre náà múlẹ̀. Olórí Adájọ́ Lamer gbà pé kò jẹ̀bi, àmọ́ ó fẹ́ kí wọ́n dá ẹjọ́ padà kí adájọ́ wò ó bóyá ó yẹ kí wọ́n fún un ní àwọn òfin kan tí yóò máa tẹ̀ lé fún ààbò àwọn ẹlòmíì. Àwọn tó pọ̀ jù kò gbà fún un. Òfin lè wà lẹ́yìn wọn, àmọ́ ìbéèrè tí Lamer bi ni ìbéèrè tí ará àdúgbò ọkùnrin náà máa bi, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Òfin fúnra rẹ̀ padà wá dáhùn. Ní 1999, kóòtù kan náà sọ pé láti ìsinsìnyí lọ, olùjẹ́jọ́ ló máa fi hàn pé òun kò ní ìjánu ara òun, kí adájọ́ sì kọ́kọ́ kà á sí àìsàn ọpọlọ títí ẹ̀rí á fi tako ó. Ní 2008, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ontario gba ìdáláre lọ́wọ́ ọkùnrin mìíràn tó bá obìnrin lò pọ̀ láìgbàṣẹ lójú oorun, wọ́n ní kí wọ́n kà á sí ti àìsàn ọpọlọ, nítorí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí i rí, ó sì lè tún ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1991, nínú ẹjọ́ ọkùnrin tó fi ìgò àti ẹ̀rọ fídíò lu aládùúgbò rẹ̀ obìnrin nígbà tó sùn lọ. Ìwà kan náà, orúkọ ọ̀tọ̀.

Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ní àwọn ìpínlẹ̀ tí Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ṣì ń ṣiṣẹ́, abala 24 sọ pé èèyàn kò ní dáhùn fún ìṣe tó ṣẹlẹ̀ láìsí ọwọ́ ìfẹ́ inú rẹ̀ níbẹ̀. Abala 28 jẹ́ ti àìsàn ọpọlọ, ó sì fẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí ó ka ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́ ọn. Lọ́yà tó bá gbé irú ẹjọ́ yìí gbọ́dọ̀ ti mọ èyí tí òun ń lọ sí kí dókítà tó kọ ìwé, nítorí abala kan ń ṣí ilẹ̀kùn, èkejì lè ti ẹni náà mọ́lé títí di ìgbà tí ìjọba bá fẹ́.

Kò jẹ̀bi, àmọ́ kì í ṣe òfo

Àwọn ìlànà àtijọ́ ti rí àárín méjèèjì yìí. Hádíìsì sọ pé wọ́n gbé gègé tó ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ kúrò lórí ẹni mẹ́ta: ẹni tó sùn títí yóò fi jí, ọmọdé títí yóò fi dàgbà, wèrè títí orí rẹ̀ yóò fi pé. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ Hanafi, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka òfin Ìsìláàmù, ní ẹni tó bá yí lu ẹlòmíì lójú oorun tó sì pa á, owó ẹ̀jẹ̀ wà fún àwọn ará òkú, ètùtù sì wà lọ́rùn ẹni náà, irú èyí tí Kùránì 4:92 ní kí ẹni tó ṣèèṣì pànìyàn ṣe, tó fi dórí ààwẹ̀ oṣù méjì léra wọn. Nínú Bíbélì, ẹni tó ṣèèṣì pànìyàn a sá lọ sí ọ̀kan nínú ìlú ààbò mẹ́fà, a sì wà níbẹ̀ títí olórí àlùfáà fi kú. Wọn ò pè é ní apànìyàn. Wọn ò sì ní kó lọ sílé bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Ẹni tó bá jẹ́ àlùfáà, àfáà tàbí olùdámọ̀ràn ló máa pàdé apá yìí. Ọkùnrin tó ní "ẹ̀bi mi ni" ní àgọ́ ọlọ́pàá kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kóòtù náà kò purọ́. Má yára sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan, torí ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ni. Má sì mú un jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ohun tó lè ṣe ni kó ṣọ̀fọ̀, kó ṣe ojúṣe rẹ̀ fún ọmọ òkú, kó sì ṣọ́ oorun rẹ̀. Ẹ tún máa pàdé àwọn tó ń sọ pé "ayé ló ṣe mí", "wọ́n tì mí ni". Ìyàtọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ oorun gba kí wọ́n dán an wò, ó sì lè já sí irọ́. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹnikẹ́ni yẹ àwáwí rẹ̀ wò, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

Fún ọlọ́pàá àti lọ́yà tó kọ́kọ́ dé: ẹ kọ aago tí oorun gbé e lọ, ohun tó mu, iye wákàtí tó ti sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, bí ojú àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe rí, àti ọgbẹ́ tí kò ké sí. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ọtí àti oògùn lóru ọjọ́ náà gan-an. Ẹ wá àwọn ẹbí rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí lọ́yà ń wá, kí ẹ sì bi wọ́n nípa oorun gbogbo ilé láìdárúkọ rẹ̀.

Fún dókítà tó bá ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìdáláre, oògùn kọ́ ló máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Kó máa sùn ní àkókò kan náà, kó má ṣe àìsùn mọ́jú, kó yé mutí lálẹ́, kó dá sùn bó bá ṣeé ṣe, kí kọ́kọ́rọ́ ilé àti ti mọ́tò wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, kí ọ̀bẹ sì wà níbi tí kò ti ní tètè rí i. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ sọ fún un, kó fọwọ́ sí i. Ní 1987, ọkùnrin náà kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe lójú oorun rí, kò sì sí bó ṣe lè mọ̀. Ẹni tí ẹ bá ti kìlọ̀ fún kò ní àǹfààní yẹn mọ́, àti pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣe nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là, láàárín oúnjẹ alẹ́ àti ìgbà tó lọ sùn, ni ẹjọ́ yóò dá lé.